Aago Kan Òru Lórí Sáfà: Iṣẹ́ Tó Parí àti Ẹ̀dà Tó Pòórá

Bí wọ́n bá ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá wo sáfà kan nítorí pé defrag, ìyẹn ìtúntò fáìlì lórí dísíìkì, tí wọ́n dá àkókò fún kò ṣe déédéé, ibi tí ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ ni Task Scheduler. A ó wò ó bóyá iṣẹ́ náà gbéra, bóyá ó parí, bóyá nọ́ńbà tó gbé jáde níkẹyìn jẹ́ 0x0. Bí a bá ti rí 0x0, ọkàn á balẹ̀, a ó pa ojú ìwé náà dé, a ó sì sọ fún ọ̀gá pé kò sí wàhálà. Èmi kò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ohun tí 0x0 ń sọ kò ju pé ètò náà parí láìráhùn. Kò sọ ohun tí iṣẹ́ náà ṣe fún àwọn nǹkan mìíràn tó ń gbé orí dísíìkì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Lórí sáfà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó fáìlì sí, ìpalára tó burú jù tí defrag lè ṣe kì í ṣẹlẹ̀ ní òru tí kò ṣiṣẹ́. Òru tó ṣiṣẹ́ láṣeyọrí gan-an ló ti ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kó ṣáájú ni èyí: kí ni nǹkan mìíràn tó ń lo dísíìkì yìí ní wákàtí yẹn, kí ni yóò sì sọnù bí iṣẹ́ yìí bá lọ geere?

Kí a tó sọ ohun tó lè ná wa, ó yẹ kí a díwọ̀n àǹfààní tí a ń wá. Dísíìkì onírin tó ń yí ní ìgbà 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan máa ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdì 8.3. Tí orí ìkàwé rẹ̀ bá fẹ́ ka ibì kan, yóò kọ́kọ́ rìn débẹ̀, èyí tó lè gbà tó mílísẹ́kọ́ǹdì 8 tàbí 9, yóò sì dúró kí ibi tó ń wá yí dé abẹ́ rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 4 ní ìpíndọ́gba. Gbogbo ìgbà tí fáìlì bá gé, tí orí ìkàwé sì ní láti fò lọ síbòmíràn, a ti san nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdì 12 nìyẹn. Fáìlì tó bá wà ní ègé 10,000 á gba ìṣẹ́jú méjì fún ìrìn orí ìkàwé nìkan, láì tíì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò nílò ìtọ́jú kò sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ègé kọ̀ọ̀kan bá tó megabyte 64, tí dísíìkì sì ń ka megabyte 100 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ègé kan á gba ìṣẹ́jú-àáyá 0.64 kó tó kà á tán. Mílísẹ́kọ́ǹdì 12 tí orí ìkàwé fi rìn kò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà. Èyí bá ohun tí Microsoft ṣe nígbà Windows Vista mu, nígbà tí wọ́n ṣètò defrag kó má ṣe ka ègé tó bá ti tó megabyte 64 mọ́ ohun tó nílò àtúntò mọ́. Ìròyìn tó kàn sọ pé dísíìkì ti fọ́ dé ìdá 30 tàbí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kò tíì sọ ohun tó ṣe kókó fún wa, ìyẹn irú fáìlì tó fọ́. Ìwé ìṣirò owó tí ogún ènìyàn ń ṣí lójoojúmọ́, tó sì gé sí ègé 5,000, kì í ṣe ẹgbẹ́ fídíò ìpàdé tó gé sí 12 tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣí láti ọdún tó kọjá.

Ìtàn irinṣẹ́ yìí fi ohun tó sọ ìdá-àkókò di àṣà hàn. NTFS, ètò tí Windows fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, dé pẹ̀lú Windows NT 3.1 ní 1993, kò sì bá irinṣẹ́ ìtúntò kankan wá. Ní 1996, Windows NT 4.0 gbé àwọn àṣẹ kan jáde tí ètò mìíràn lè fi ṣí klọ́sítà, ìyẹn ẹyọ àyè tí dísíìkì fi ń pín fáìlì, nípò nígbà tí dísíìkì ṣì ń ṣiṣẹ́. Windows 2000 mú irinṣẹ́ kan wá tí ilé-iṣẹ́ Executive Software ṣe, àwọn tó ni Diskeeper, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀nà tí a fi lè dá àkókò fún un. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti jókòó tì í. Windows XP àti Server 2003 ló mú defrag.exe wá tí a lè kọ sínú Task Scheduler. Vista wá sọ ọ́ di ohun tó ń gbéra fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní aago kan òru Ọjọ́rú. Láàrin ọdún mélòó kan, iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ ti di iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ìyẹn dára fún kọ̀ǹpútà ilé. Ní ti sáfà, mo rò pé a gba ìrọ̀rùn náà láìbéèrè ohun tó bá a rìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti iṣẹ́ tí kò gbéra, nítorí òun ni ẹjọ́ tí wọ́n sábà máa ń gbé wá. Àwọn ohun tó ń fà á kò pọ̀, wọn kò sì ṣòroó rí. Lórí Server 2003, alábòójútó ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ náà, ó sì wọ́pọ̀ kó fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ tó bá yí ọ̀rọ̀ ìwọlé náà padà, iṣẹ́ náà kò ní lè wọlé mọ́. Nọ́ńbà 0x8007052E ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ń ṣe lábẹ́ SYSTEM, orúkọ tí Windows fúnra rẹ̀ ń lò, kò ní irú àìsàn yìí. Àwọn mìíràn á kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wọn, wọ́n á ní kó tún dísíìkì sáfà tò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ sì ni defrag kì í fọwọ́ kan dráìfù tó bá jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Orí sáfà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti gbéra. Bí àyè tó ṣẹ́ kù kò bá tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, defrag ti Server 2003 á lọ́ra láti tẹ̀síwájú àfi tí a bá fi -f fipá mú un. Mo fara mọ́ ìlọ́ra náà, nítorí dísíìkì tó kún dé ọrùn kò ní ibi tí a lè tẹ́ fáìlì ńlá sí, ńṣe ni a ó kàn máa ṣí ègé kiri. Bí Windows bá sì ti fi àmì sí dísíìkì pé ó nílò chkdsk, defrag kò ní ṣe é rárá títí a ó fi ṣe àyẹ̀wò náà. Àṣẹ fsutil dirty query D: ló ń fi àmì yìí hàn, kíá ló sì ń dáhùn.

Ní Nàìjíríà, ìdí kan tún wà tí ìwé ìtọ́nisọ́nà kì í kọ sílẹ̀: ọ̀rọ̀ iná. Ọ́fíìsì tó ń pa jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí sáfà rẹ̀ sì ń kú pẹ̀lú rẹ̀, kò ní aago kan òru. Iṣẹ́ tí a dá fún wákàtí náà kò kùnà. Sáfà ni kò sí láyé nígbà tí wákàtí náà kọjá. Bí ẹni tó ṣètò rẹ̀ bá wá fa àmì sí ìlà tó ní kí iṣẹ́ tó pàdánù àkókò rẹ̀ gbéra ní kété tó bá ti ṣeé ṣe, àtúnṣe náà á bí wàhálà mìíràn. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, sáfà á jí, gbogbo òṣìṣẹ́ á máa ṣí fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà, defrag á sì gbéra láàrin wọn. Ti UPS náà tún wà níbẹ̀. UPS tí a bá fi okùn USB so mọ́ sáfà, Windows máa ń rí i bí bátìrì láptọ́ọ̀pù ni. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tuntun nínú Task Scheduler ń wá pẹ̀lú àmì méjì tí wọ́n ti fà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: kó má ṣe gbéra bó bá jẹ́ bátìrì ni a wà, kó sì dúró bí iná bá lọ. Níbi tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóru, iṣẹ́ náà lè máa bẹ̀rẹ̀ kó sì máa dúró lágbedeméjì fún oṣù gbáko. Àwọn kan á ní kí a kàn yọ àmì méjèèjì. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n wà níbẹ̀, kí a yí wákàtí padà. Bátìrì UPS wà kí sáfà lè rí àyè kú jẹ́ẹ́. Kò yẹ kí a fi ná ìtúntò tó lè dúró dọ̀la. Ọ̀sán Sátidé tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó wá sàn ju aago kan òru tí kò dájú lọ. Ìbẹ̀rù tó wọ́pọ̀, pé bí iná bá lọ lójijì láàrin defrag fáìlì á ti jẹrà, kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: NTFS máa ń kó data dé ibi tuntun kó tó yí àkọsílẹ̀ padà, ó sì ní ìwé-ìrántí tó fi ń tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Ibi tí ewu wà ni dísíìkì tàbí kọntiróólà tó ń sọ pé òun ti kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú mẹ́mórì rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀yìn àtúnṣe ni ọ̀rọ̀ tó le wà. Láti ìgbà Server 2003 ni Windows ti ń fún sáfà fáìlì ní ohun kan tí mo kà sí ọ̀kan nínú ẹ̀bùn tó dára jù fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ìyẹn ẹ̀dà òjìji, Shadow Copies. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, tàbí tó kọ nǹkan mìíràn lé e lórí, yóò ṣí Previous Versions, yóò mú ti ọ̀sán àná padà, kò sì ní pe ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ó ń ya ẹ̀dà ní aago méje àárọ̀ àti aago méjìlá ọ̀sán, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kì í sì í tọ́jú ju ẹ̀dà 64 lọ fún dísíìkì kan. Ẹ̀dà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ túmọ̀ sí pé ó lè rántí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, bí àyè tí a fún un bá gbà á. Àyè náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dísíìkì. Lórí dísíìkì terabyte 2, gigabyte 200 nìyẹn.

Ẹ̀dà òjìji kì í ṣe ẹ̀dà kíkún. Lọ́jọ́ tí a yà á, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè kankan. Ìlérí ni: bí ohunkóhun bá fẹ́ yí padà lórí dísíìkì, Windows á kọ́kọ́ kó ohun tó wà níbẹ̀ pamọ́, ní ìwọ̀n 16 KB lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bí olùṣọ́ àká iṣu tó ṣèlérí fún olóko pé ìgbàkigbà tó bá padà dé, òun á lè sọ bí àká ṣe rí lọ́sàn-án ọjọ́ tó lọ. Bí ẹnì kan bá wá ń ṣí iṣu láti orí òpó kan sí òmíràn kí àká lè gún régé, kò sí iṣu kan tó jáde, síbẹ̀ gbogbo òpó tí ọwọ́ bá kàn ni olùṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, títí ìwé rẹ̀ á fi kún tí yóò sì máa ya ojú ewé àtijọ́ dànù. Ohun tí defrag ń ṣe sí ẹ̀dà òjìji gan-an nìyẹn. Lẹ́tà kan kò yí nínú fáìlì ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ibi tí data ti kúrò, nǹkan mìíràn á bọ́ sí i, Windows á sì ní láti tọ́jú ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí klọ́sítà dísíìkì bá jẹ́ 16 KB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Windows lè mọ̀ pé ìṣípòpadà lásán ni, kò sì ní ṣe wàhálà ìtọ́jú. Bí klọ́sítà bá kéré sí i, kò rọrùn fún un láti mọ ìyàtọ̀ láàrin defrag àti òṣìṣẹ́ tó ń kọ̀wé, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì kó pamọ́. Klọ́sítà tí NTFS ń mú bí a kò bá yan ohunkóhun jẹ́ 4 KB, lórí dísíìkì tí kò ju terabyte 16 lọ. Ẹni tó bá ti fọ́máàtì dísíìkì sáfà rẹ̀ láìyan nǹkan kan, ìhà tí kò dára ló wà. Microsoft kò fi èyí pamọ́. Nínú ìwé wọn ni ìmọ̀ràn 16 KB ti wá. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó yẹ kí ènìyàn kà kó tó fọ́máàtì dísíìkì kò lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀ mọ́ nígbà tí fáìlì ọdún mẹ́ta ti jókòó lé e lórí.

Àmì ohun tó ṣẹlẹ̀ máa ń wà, ṣùgbọ́n kì í sí níbi tí à ń wò. Nínú ìwé Application ti Event Viewer, defrag á kọ ìṣẹ̀lẹ̀ 258 pé òun ṣe iṣẹ́ òun láṣeyọrí. Nínú ìwé System, tí ó wà lọ́tọ̀, volsnap, apá Windows tó ń bójú tó ẹ̀dà òjìji, ni yóò máa kọ tirẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ 33 ń sọ pé ó pa ẹ̀dà tó dàgbà jù rẹ́ kí àyè má bàa kọjá ìwọ̀n tí a fún un. Ìṣẹ̀lẹ̀ 25 burú jù ú lọ: àyè ìtọ́jú kò rí ọ̀nà fẹ̀ lásìkò, ó sì pa gbogbo ẹ̀dà dísíìkì náà rẹ́ pátá. Bí a bá to ìwé méjèèjì pọ̀ ní ìtẹ̀léra àkókò, tí a sì rí 33 tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láàrin wákàtí tí defrag fi ń ṣiṣẹ́, tí àwọn òru yòókù kò sì ní irú rẹ̀, ẹ̀rí tó tó nìyẹn. Àṣẹ vssadmin list shadows, tí a bá lò ó ṣáájú defrag àti lẹ́yìn rẹ̀, á fi iye tó lọ hàn. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ń ráhùn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó pa fáìlì rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù lè má wá a títí di ìparí oṣù. Nígbà tó bá ṣí Previous Versions tó bá òfìfo pàdé, òru Ọjọ́rú kan ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kò ní sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n á ní ẹ̀dà òjìji kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n á sì pa á, nígbà tó jẹ́ pé ìdá-àkókò defrag ló jẹ ẹ́ tán.

Àwọn kan á sọ pé bí a bá ń ṣe é lálaalẹ́, ohun tó máa ṣí nípò kò ní pọ̀ mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ìgbà àkọ́kọ́ ló ń ṣí èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n sáfà tí ènìyàn ń lò kì í dúró sójú kan, ohun tí òru kọ̀ọ̀kan bá sì ṣí ń bọ́ sínú àyè kan náà tí a fún ẹ̀dà òjìji. Dípò kí ẹ̀dà ogún lọ lálẹ́ kan, méjì á máa lọ níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, èyí tó tún ṣòroó fura sí jù. Àwọn mìíràn á ní irinṣẹ́ tuntun ti gbọ́n ju ti àtijọ́ lọ, n kò sì jiyàn. Microsoft gba àwọn tó ń kọ irú ètò yìí níyànjú pé kí wọ́n máa ṣí data ní ìwọ̀n àti ní ìjìnnà tó jẹ́ ìlọ́po 16 KB, kí ìtọ́jú ẹ̀dà òjìji lè dín kù. Ètò tó bá tẹ̀ lé e ń dín ìpalára kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lórí dísíìkì oní-4 KB, àlàfo tó ṣófo kì í fìgbà gbogbo bọ́ sí ìjìnnà tí a fẹ́, bí dísíìkì bá sì ṣe ń kún sí i ni àlàfo tó bá a mu ń dín kù. Ìgbà yẹn gan-an ni ìfọ́ fáìlì ń pọ̀ sí i, tí a sì ń fẹ́ lo defrag.

Ìtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó bá sọ pé: bí klọ́sítà ló fà á, ẹ fọ́máàtì dísíìkì sí 16 KB kí ọ̀rọ̀ parí. Mo gbà pé òun ni ìwòsàn gidi, sáfà tuntun kò sì ní àwáwí kankan láti má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé klọ́sítà ńlá ń fi àyè ṣòfò, ó sì yẹ kí a ṣírò rẹ̀ dípò kí a máa bẹ̀rù. Fáìlì kọ̀ọ̀kan máa ń ṣòfò nǹkan bí ìdajì klọ́sítà tó kẹ́yìn rẹ̀. Lórí fáìlì mílíọ̀nù kan, 4 KB á ṣòfò nǹkan bí gigabyte 2, 16 KB á ṣòfò nǹkan bí 8. Gigabyte 6 ni ìyàtọ̀, lórí dísíìkì tí a ti yọ 200 fún ẹ̀dà òjìji tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kò tó ohun tí à ń jà sí. Ohun tó yẹ ká rò dáadáa ni ìfúnpọ̀ fáìlì ti NTFS, nítorí kì í ṣiṣẹ́ lórí klọ́sítà tó ju 4 KB lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ti fún fáìlì rẹ̀ pọ̀ kí dísíìkì má bàa kún yóò ní láti yan ọ̀kan: àyè, tàbí ẹ̀dà òjìji tó lè fara da defrag. Ìdènà kejì ni pé fọ́máàtì ń pa gbogbo nǹkan rẹ́. A ní láti ní ibi tí a ó kó fáìlì lọ, àkókò tí sáfà yóò fi wà ní títì, àti ìdánilójú pé ẹ̀tọ́ ìwọlé fódà kọ̀ọ̀kan yóò bá a padà wá. Ọ́fíìsì kékeré tó ní sáfà ẹyọ kan kì í ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Fún irú wọn, fífi kún àyè ẹ̀dà òjìji pẹ̀lú vssadmin resize shadowstorage, tàbí gbígbé àyè náà lọ sórí dísíìkì mìíràn, lè fún wọn ní ìsinmi díẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ gbé e mọ̀ ṣáá pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ẹ̀dà tó ti wà rẹ́ kó tó ṣeé gbé.

Ọ̀rọ̀ backup náà sún mọ́ èyí. Dísíìkì 7,200 tí mo ṣírò lókè yìí kò lè ṣe ju nǹkan bí ìbéèrè 80 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ìbéèrè náà bá fọ́n káàkiri, lórí RAID 5 sì rèé, ìkọ̀wé kékeré kan ń di iṣẹ́ mẹ́rin: kíka data, kíka ìpárítì, kíkọ méjèèjì padà. Bí backup àti defrag bá jọ bọ́ sí òru kan náà, méjèèjì á pẹ́, àyè ẹ̀dà òjìji kò sì ní rí ààyè fẹ̀. Ọ̀nà tí ìṣẹ̀lẹ̀ 25 fi ń wọlé nìyẹn. Backup tó ń wo ọjọ́ tí a yí fáìlì kò ní mọ̀ pé defrag kọjá, nítorí defrag kì í fọwọ́ kan ọjọ́ náà. Èyí tó ń wo dísíìkì ní búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì ni yóò rí gbogbo ohun tó ṣípò bí ohun tuntun. Bí sáfà bá jẹ́ ẹ̀rọ àfojúrí tó ń gbé nínú sáfà mìíràn, dísíìkì rẹ̀ tó ń fẹ̀ bí a ṣe ń kọ nǹkan sí i á wú, kò sì ní fà padà fúnra rẹ̀. Kí ẹni tí backup rẹ̀ fẹ̀ lójijì ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀ wo ọjọ́ tí defrag ń gbéra.

Yóò ku ẹni tó máa ní gbogbo èyí ti di ìtàn àtijọ́, pé SSD kò ní orí ìkàwé tó ń rìn, nítorí náà kí a pa iṣẹ́ náà kúrò nínú Task Scheduler. N kò gbà. Láti Windows 8 àti Server 2012, iṣẹ́ kan náà yìí ló ń sọ fún SSD ibi tó ti ṣófo, ìyẹn TRIM, òun náà ló sì ń dá àyè padà fún dísíìkì àjọlò tí a ń fún ní àyè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá pa á ti pa èyí náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní 2020 fi hàn pé SSD kò mú wa kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìdá-àkókò. Nínú Windows 10 ẹ̀yà 2004, tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, irinṣẹ́ ìtúntò kì í rántí ìgbà tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn mọ́. Ó ń rò pé kò tíì ṣe é, ó sì ń ṣe é léraléra, títí àtúnṣe fi dé ní oṣù Kẹsàn-án. Iṣẹ́ náà kò kùnà rárá ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ń parí dáadáa, ó kàn ń parí jù. Ẹni tó bá ń wo 0x0 nìkan kò ní rí nǹkan kan.

Ní tèmi, lórí sáfà tó bá ní ẹ̀dà òjìji, dísíìkì onírin àti klọ́sítà 4 KB tí kò ṣeé fọ́máàtì, n kò ní fi ìtúntò gbogbo dísíìkì sí orí kàlẹ́ńdà. Ohun tí mo máa dá àkókò fún ni àyẹ̀wò nìkan, defrag D: /A /V, nítorí kíkà ló ń ṣe, kì í ṣí nǹkan kan nípò. Bí àyẹ̀wò náà àti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ bá jọ tọ́ka sí fáìlì kan, kí a mú Contig, irinṣẹ́ kékeré ti Mark Russinovich nínú Sysinternals, kí a fi -a wo iye ègé tí fáìlì náà wà, kí a sì tún òun nìkan tò. Gigabyte kan tó ṣípò kò ní jẹ ẹ̀dà òjìji run bí ti 300. Kí a ṣe é lẹ́yìn tí backup bá ti parí, nígbà tí iná dájú, kí a sì ka iye ẹ̀dà pẹ̀lú vssadmin ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí iye náà bá dín, kí a fi fáìlì tó kù sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.